Àga Bàbá Akíndàmọ́lá

Títí dòní, bí Yorùbá kan ní Weston, lókè òkun níbí, bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ olóògbé Bàbá Akíndàmọ́lá àti olùkọ́ ló máa ń dá sílẹ̀. Wọ́n pe àwọn òbí wá síléèwé Àmírà, ọmọ-ọmọ Bàbá. Mísì Pereira, olùkọ́ wọn, wá sọ pé nígbà tí ọba àwọn Aztec, ní Mexico àtijọ́, rí Cortés, ọ̀gágun Spain, ó rò pé òrìṣà ni, ó sì gbé ìlú fún un.

Bàbá dìde. Rónkẹ́, ọmọ rẹ̀, ìyá Àmírà, fa jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí, kò jókòó.

"Excuse me, Miss. What did the king say, exactly?"

Mísì ní ọba sọ fún àlejò pé ilé rẹ̀ nìyí, kó wá sinmi.

"Ehn-ehn! That is ordinary greeting! Ohun tí mo sọ fún ẹni tó wá tún fìríìjì wa ṣe nìyẹn!"

Mísì ní àwọn Aztec sáà ń fi èèyàn rúbọ. Bàbá ní òótọ́ ni, òun ò bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ wọ́n di òmùgọ̀. Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilẹ̀ náà tó ń bínú sí ọba ló gbè sẹ́yìn Cortés, àrùn ìgbóná sì ṣe ìyókù. Ojú ti Rónkẹ́ débi pé kò lè wo ẹnikẹ́ni.

"Dádì, kí ló dé gan-an?" ó bi í nínú ọkọ̀.

"Mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí dàgbà, kó máa rò pé ẹni tó mọ àlejò kí, ọ̀dẹ̀ ni."

Oṣù yẹn gan-an ni Kúnmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, dé láti Ìbàdàn wá kàwé. Bàbá dì mọ́ ọn. "Ilé ẹ nìyí, ọmọ mi. Fara balẹ̀!" Kúnmi fara balẹ̀ sórí àga Bàbá, ó mú rìmóòtù, ó sì yí ìròyìn sí bọ́ọ̀lù.

"Cortés!" ni Bàbá pariwo. "Dìde níbẹ̀!"

Cortés ni gbogbo ilé ń pè é láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí Bàbá kú, èrò kún pálọ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbójú jókòó sórí àga yẹn. Mísì Pereira wọlé pẹ̀lú òdòdó, yìnyín lára bàtà rẹ̀.

"You're welcome, Miss," ni Rónkẹ́ wí. "This is your house. Please, sit."

Mísì wo àga náà, ó mi orí. "I know. It's just a greeting."

Rónkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Àárò bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Ó di Mísì lọ́wọ́ mú.

"Not today," ló sọ. "Cortés, jọ̀ọ́, bá wọn fa àga Dádì wá."