Jàlàbíà Tí Màmá Mi Fọ̀

Òórùn ewúrẹ́, ìtọ̀ ẹranko àti ewé dongoyárò tó ti gbẹ: bí mo ṣe rántí ọgbà ẹranko Maiduguri nìyẹn. Ọdún kẹta mi ní yunifásítì ni, wọ́n ní ká lọ fi oṣù mẹ́ta kọ́ṣẹ́ níta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wá ọ́fíìsì tó ní fáànù. Èmi alágídí ní ẹranko ni mo fẹ́, mi ò mọ ohun tí mo ń tọrọ.

Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní barewa. Màmá mi ní àgbọ̀nrín ni, ó parí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ti ilé wa. Ti etí aṣálẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, irú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó. Abo kan àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ló kù nínú ọgbà náà, ìyá sì kú kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Baba tó ń tọ́jú wọn, àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ló wá di ìyá fún ọmọ náà. Wàrà ewúrẹ́ ló ń fún un nínú ìgò ọmọ ọwọ́, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Tí ẹlòmíràn bá sún mọ́ ọn, tó gbóòórùn onítọ̀hún, á sá lọ fara ti ògiri, á máa gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n wá sọ fún Baba pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú lábúlé. Ó ní láti lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò sì lò. Ó bọ́ jàlàbíà búlúù tó máa ń wọ̀ lójoojúmọ́, ó nà án sí mi. "Ki sa," ó ní, ìyẹn ni pé kí n wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kada ki yi magana," kí n má sọ̀rọ̀. Mo wọ̀ ọ́ lé aṣọ mi. Ọmọ barewa náà rìn wá, ó gbóòórùn etí aṣọ, ó sì mu wàrà náà tán. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kígbe, mo rántí pé wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bi tèmi ni ohun tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí ọmọ náà mu ti ìrọ̀lẹ́ tán, dípò kí n fi aṣọ náà kọ́ síbi tí Baba ń fi í kọ́, mo bẹ̀rù pé wọ́n lè jí i, mo kó o sínú báàgì, mo gun achaba, ọ̀kadà ibẹ̀, gba àdúgbò Jiddari Polo lọ sílé wa ní bárékè. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, Màmá mi ti fọ jàlàbíà náà, ó ti fi sítáàṣì sí i, afẹ́fẹ́ gbígbóná ti gbẹ ẹ́, ó sì ti lọ̀ ọ́ jọ̀ọ̀lọ̀. Màmá mi kì í dá abọ́ alábọ́ padà lófìfo, ká má tiẹ̀ sọ aṣọ tí èèyàn yá mi.

Mo figbe ta. "Mọ́mì, òórùn Baba ni ẹran yẹn mọ̀!"

"Òórùn wo?" ó ní. "Ṣé aṣọ ẹlẹ́gbin lo fẹ́ dá padà fún àgbàlagbà? Wọ́n á ní a ò kọ́ ọ nílé."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ẹran náà rìn dé agbede méjì, ó na imú, ó sì yí padà, ó sá. Láàárọ̀, kò mu. Lọ́sàn-án, kò mu. Ooru ọjọ́ náà ò ṣeé fẹnu sọ. Ọ̀gá ọgbà ń kọjá lọ, ó wò ó, ó ní, "Tí èyí bá kú, kò tún sí òmíràn." Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, orúnkún ẹran náà ti ń yẹ̀.

Mo délé, mi ò lè jẹun. Mo sọ fún Màmá mi. Ó ní, "Nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, tí wọ́n dá mi dúró ní ọsibítù, tí ìwọ ò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìró mi tí mi ò tíì fọ̀ ni aládùúgbò wa ró kí o tó jẹun. Ó yẹ kí n mọ̀."

Ilẹ̀ mọ́, ó tẹ̀ lé mi. Ó béèrè ibi tí Baba ń sùn sí lọ́sàn-án, wọ́n fi ẹní rẹ̀ hàn án. Ó tẹ́ jàlàbíà tó ti lọ̀ sórí ẹní náà, ó ń fi í ra á. Ó tún gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́, ó kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ wọn, ó ń fi aṣọ náà nu wọ́n lábẹ́ ikùn. Màmá mi tó ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́! Ó wọ̀ ọ́ fún mi, ó sì lọ dúró lẹ́yìn wáyà.

Ẹran náà ò kọ́kọ́ mira. Mo na ìgò wàrà sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó tún gbé òmíràn. Ó fi imú kan etí aṣọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá gba ìgò náà sẹ́nu. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Màmá mi ń sunkún.

Baba dé lọ́jọ́ kẹta, ó gbé jàlàbíà rẹ̀ símú. "An wanke ta?" Ó mọ̀ pé a ti fọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ẹran ló ń wò. "Ta sha?" ó bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó mu. "To, alhamdulillahi," ó ní, ó sì wọ aṣọ rẹ̀.

Barewa náà dàgbà. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn ló gbọ́dọ̀ máa nù, kó máa tàn. Màmá mi ti ṣaláìsí báyìí. Ìró tó ró kẹ́yìn wà nínú àpótí mi, mi ò fọ̀ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi wá kí mi, ó ṣí àpótí náà, ó ní òórùn ti bá aṣọ yìí o, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́. Ó ti gbé e dé ìdí ẹ̀rọ omi kí n tó bá a. Mo já a gbà.