Òṣèré Tó Ti Ṣe Sójà Rí

Ilé ọmọ mi ọkùnrin ní Little Elm, lápá òkè Dallas, tóbi, ó tutù, ó sì dákẹ́. Kí oòrùn tó ga, òun ti wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí ọsibítù tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ọmọ wọn obìnrin ti wọ bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Èmi àti tẹlifíṣàn ló máa ń kù. N kì í wakọ̀ níbí, kò sì sí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé èèyàn dé. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n rìn dé etí adágún omi. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, agogo ẹnu ọ̀nà tó ní kámẹ́rà fọhùn. Ohùn ọmọ mi gan-an ni, láti ibi iṣẹ́ rẹ̀.

"Dádì, ẹ káàárọ̀ sà. Ibo lẹ ń lọ? Oòrùn yìí ti mú jù o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

Mo wọlé. Èmi tí mo ṣọ́ afárá lójú ogun, agogo ẹnu ọ̀nà ló wá ń ṣọ́ mi. Inú bí mi débi pé n kò jẹun ọ̀sán.

Ìkànnì kan wà tó jẹ́ pé fíìmù àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, aláwọ̀ dúdú àti funfun, àwọn òyìnbó onífìlà ńlá lórí ẹṣin. Tí fíìmù bá parí, ọkùnrin kan á jáde, á sọ ìtàn àwọn òṣèré náà: eléyìí wa bàlúù ológun, tọ̀hún wà nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà ogun kó tó di òṣèré. Mo máa ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ẹbí, nítorí ọ̀nà tí èmi náà gbà nìyẹn. Mo ja ogun abẹ́lé. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sójà, mo bá ẹgbẹ́ eléré kan lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn n'Íbàdàn. Wọ́n ní kí ni mo lè ṣe, mo ní mo lè ṣe sójà. Sójà náà ni mo ṣe títí irun mi fi funfun.

Kí ọkùnrin yẹn tó sọ̀rọ̀ ni mo ti máa ń mọ ẹni tó jagun lóòótọ́ nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni mo ń wò. Ẹni tí kò rí ogun rí, tí wọ́n bá yìnbọn lù ú, á nawọ́ sókè, á pòòyì, á ké. Ẹni tó ti rí i, á kàn wó lulẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ṣubú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ọ̀gá wa fi jágbe mọ́ mi pé, "Ṣé oorun ló gbé ẹ lọ ni?" Ariwo làwọn òǹwòran ń fẹ́, mo bá kọ́ ariwo.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ ọmọ mi á ní, "Grandpa, do the soldier!" Màá kú, màá jí, màá sunkún nítorí ìyàwó tí mo fi sílé. Bàbá rẹ̀ á gbé fóònù, á fi mí han àwọn ará ilé n'Íbàdàn. Bí àbúrò mi obìnrin bá bi mí pé ṣé ibẹ̀ bá mi lára mu, màá fẹyín, màá ní bí ọba ni mo ṣe wà. Kí ni kí n wí? Ọmọ tó ń tọ́jú ẹni bí ẹyin! Ó ń ra oògùn mi, ìyàwó rẹ̀ ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi láràárọ̀. Wọn ò ṣẹ̀ mí. Ìyẹn gan-an ló há mi mọ́lé: n kò rí ẹni bá jà.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọmọ mi ní, "Dádì, mo ti rí tenant fún ilé yín. Couple kan ni, wọ́n responsible gan-an. Ṣebí ẹ kúkú ń gbádùn níbí. Monday ni wọ́n máa kó wọlé."

Ilé mi n'Íbàdàn! Ilé tí èmi àti ìyá rẹ̀ jọ kọ́, tí mo sin ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí mo fi ààyè tèmi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àjò kì í dùn kónílé má relé, ṣùgbọ́n bí ayálégbé bá ti kó wọ ibẹ̀, ilé wo ni n óò padà sí? Ẹ̀rù bà mí ju tojú ogun lọ.

Mo dìde.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ lọ sílé. Má gba ayálégbé kankan. N kò gbádùn níbí, bí ẹni wà lẹ́wọ̀n ni. Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí n lọ kú sílé mi." Omi ń dà lójú mi.

Ọmọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. "Again, Grandpa! Again!"

Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Dádì o! Ẹ ṣì mọ̀ ọ́n ṣe! Ẹ wo omijé gidi!"

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bó ṣe ń wo aláìsàn. "Dádì," ó ní, "ṣé eré ni?"

Mo wo ojú ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín báyìí rí.

Mo ní, "Eré ni." Mo sì tẹrí ba fún wọn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ayálégbé kó wọlé.