Ẹ Má Kí Mi Tí Mo Bá Ń Wọn Ẹ̀tù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà tí a kò gbọdọ̀ kí bàbá mi nídìí rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tù wíwọ̀n. Ọdẹ ni wọ́n. Ìkarahun ìgbín kékeré kan ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù sínú ṣakabùlà wọn, ìkarahun méjì, kò gbọdọ̀ di mẹ́ta. Wọn á ní bí ẹ̀tù bá kéré, ọta ò ní lágbára, ẹran á kàn gbọn ara nù ni. Bó bá pọ̀ jù, ọta á sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbọn lè fọ́ mọ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó jókòó, wọn á kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé, "Ẹ má kí mi o."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, odò ni mo ti ń bọ̀, mi ò gbọ́ ìkìlọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí wọn tí wọ́n da ìkarahun kejì sínú ìbọn. Ẹ sì mọ̀ pé nílé wa, ọmọ tó bá wọlé tí kò kúnlẹ̀, màmá mi á fa etí rẹ̀ dáadáa. Mo sọ omi kalẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá." Ta ló máa gbọ́ ìkíni ọmọ rẹ̀ tí kò ní dáhùn? Wọ́n ní, "Oò, káàbọ̀, ọmọ mi." Wọ́n wo ìbọn, wọ́n wo ìkarahun ọwọ́ wọn, wọ́n sì tún wọn ọ̀kan sí i.

Ìkẹta nìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọdé ṣe fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀ pé wọ́n ṣì í kà? Mo dákẹ́. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn gbé wọn délé. Ìbọn ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn ní etí òsì wọn. Bàbá mi ní ẹ̀tù ọjọ́ náà ni kò dára. N ò sọ nǹkan kan.

Ẹ wá wo Accokeek níbí, ní Amẹ́ríkà, bàbá yín náà ń di ẹ̀tù àti ọta sínú katiríìjì ìbọn fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì, kì í ra èyí tí wọ́n ti ṣe. Ó ní òṣùwọ̀n oníná, ó ní ẹ̀rọ tó ń ka bí ọta ṣe sáré tó. Á máa ṣàlàyé fún mi pé ìwọ̀n ẹ̀tù ń nípa lórí eré ọta, bí ọta ṣe wúwo tó ń nípa lórí rẹ̀, bí irin ìbọn ṣe gùn tó àti bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó náà ń nípa lórí rẹ̀. Mo ní bàbá mi mọ púpọ̀ nínú ìyẹn.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ti ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo gba gáréèjì wọlé níbi tó ti ń wọn ẹ̀tù, ẹnu mi ò gbélé: "O kú iṣẹ́ o." Ó fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo ti jókòó sí pálọ̀ kí n tó rántí ìkarahun kẹta. Lọ́jọ́ kejì ló ń lọ sí pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn. Mo padà lọ bá a, mo sọ ohun tí n ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Tú gbogbo wọn."

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti yẹ̀ wọ́n wò."

"Mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí. N ò ní dákẹ́ mọ́."

Ó tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀tù inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ayé ti yí. Nígbà tiwa, ọmọ tí kò kí àgbà ni wọ́n ń bá wí. Lónìí, ẹ̀yin tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ní ìkúnlẹ̀, èmi náà ni mo dúró lẹ́nu gáréèjì tí mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má kí bàbá yín. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò fi etí òsì gbọ́ ìkíni mi mọ́ títí wọ́n fi kú. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ni mo máa ń yí lọ kúnlẹ̀ sí láràárọ̀, wọn á sì máa yìn mí pé ọmọ tó mọ ìwà hù ni mí.