Ògiri Ọjọ́ Ajé àti Ògiri Ọjọ́bọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí olóríkunkun, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ wá sí ilé wa ní Òdòdè-Ìdànrè, kí ẹ béèrè Catherine, àbúrò mi. Èmi Olúbísí ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, nítorí náà mo lè fi ẹnu mi sọ ọ́. Bí ó bá ti ní báyìí ni òun yóò ṣe nǹkan, ẹ wá ibi kan jókòó sí kí ẹ máa wò ó.

Orí Ìbílọlá, ọmọ rẹ̀, ni mo ti rí oríkunkun náà jù. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ ọmọ yìí méjèèjì kí ó tó mọ ìrìn rìn. Nígbà tí ó tó ọmọ ilé-ìwé, ọ̀gá ilé-ìwé kan sọ fún wa pé orí àpáta ni ọgbà àwọn wà, àti pé òun kò ní ẹni tí yóò máa gbé ọmọ gùn ún lójoojúmọ́. Ó tún wá fi kún un pé ọmọ tí kò lè rìn, kí ni yóò fi ìwé ṣe. Inú bí mi débi pé mo ti ń ká aṣọ mọ́ra. Catherine kò bá a jà ní tirẹ̀. Ó ti ṣe tíṣà rí kí ó tó lọ́kọ. Ó pọn ọmọ rẹ̀ padà sílé, ó gún ewé ẹ̀gẹ́ mọ́ èédú, ó fi kun ògiri pálọ̀ wa títí ó fi dúdú bíi pátákó, ó sì ra ṣọ́ọ̀kì. Bí pálọ̀ ṣe di kíláàsì nìyẹn.

Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ti ìtàn yàtọ̀. Ó pín ìtàn sí méjì. Ní ọjọ́ Ajé, ìtàn ilẹ̀ wa ni, lórí ògiri ọwọ́ òsì: ìgbà tí àwọn baba wa wà lórí Òkè Ìdànrè, ìgbà tí òyìnbó so Àríwá mọ́ Gúúsù, ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú, ìgbà tí ìlú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, títí dé òmìnira àti ogun Biafra. Ní Ọjọ́bọ̀, ìtàn àgbáyé ni, lórí ògiri ọwọ́ ọ̀tún: Íjíbítì, Róòmù, àwọn ọba Faransé, àti ogun àgbáyé méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ògiri kan kì í dé orí ìkejì. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, èmi náà sì kọ́ ọ tipátipá. Oníbàárà mi kan wá gba bùbá lọ́jọ́ kan, ìtàn Róòmù ló gbé lọ, torí bùbá kò tíì jinná.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò lè dà wọ́n pọ̀ kí ó rọrùn. Ó ní nígbà tí òun wà ní ilé-ìwé, ìtàn kan ṣoṣo ló wà, àwọn ọba ìlú òyìnbó ló sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ìgbà tí ìwé fẹ́ parí ni wọ́n tó dárúkọ àwa, bí ẹni pé ọjọ́ tí òyìnbó rí wa ni Ọlọ́run tó dá wa.

“Bí mo bá dà á pọ̀, tiwọn ni yóò gbé tiwa mì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ tilé.”

Abẹ́ ògiri ọjọ́ Ajé ni Yèyé, ìyá wa, máa ń jókòó bó ẹ̀gúsí, tí wọ́n á sì máa tún ìtàn ṣe bí Catherine bá ṣì í. Ìlà kan wà lórí ògiri yẹn tí ẹnikẹ́ni kì í tún ṣe. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni “Ọdún tí Bàbá lọ.” Bàbá wa, Dúrójaiyé, gba iṣẹ́ sójà nígbà ogun Hítílà. Oyún Catherine ni wọ́n fi sílẹ̀, kò fojú kàn wọ́n rí. Èmi náà kò rántí ju èjìká wọn lọ: wọ́n gbé mi lé e, ọwọ́ mi sì kan àtẹ́rígbà. Nígbà tí ogun parí, ọ̀rẹ́ wọn kan dé, ó ní àwọn sọdá odò kan ní Bọ́mà, nílẹ̀ Éṣíà, àwọn kò sì rí Dúrójaiyé mọ́.

Kò sọ pé wọ́n kú. Kò rí wọn mọ́ ni ó sọ, ibẹ̀ ni Yèyé sì dì mú. A kò rí òkú, a kò sin òkú, Yèyé kò ṣe opó. Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ikú kún orúkọ Bàbá. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn Aládùúrà wa bá ń dárúkọ àwọn arìnrìn-àjò sínú àdúrà, Dúrójaiyé wà nínú wọn, láti ìgbà ogun títí di ìgbà tí orí Yèyé funfun báláú. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ti ọkọ náà kò yàtọ̀. Ohun tí Ìbílọlá mọ̀ kò ju pé bàbá àgbà rìnrìn-àjò.

Nígbà tí ìwé di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa, tí ọmọ sì ti pé ọdún méjìlá, Catherine pọ̀n ọ́n lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Fọláyan, pírínsípà ilé-ìwé girama tó sún mọ́ wa. Òun nìkan ni ilé-ìwé tí ẹ̀yìn ènìyàn lè gbé ọmọ dé lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ níbẹ̀, ìwé rẹ̀ parí sí pálọ̀ wa. Fọláyan ní ọmọ tí kò ní sátífíkéètì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun fúnra òun ni yóò dán an wò. Mo tẹ̀ lé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Ìbílọlá ṣe ìṣirò, ó ka Gẹ̀ẹ́sì, inú mi ń dùn. Fọláyan wá bi í bóyá Ogun Àgbáyé Kejì kan ẹnikẹ́ni ní Ìdànrè.

“Rárá, sà,” ni ọmọ wí. “Ti Ọjọ́bọ̀ ni ogun yẹn. Ti ọjọ́ Ajé ni àwa.”

Àwọn tíṣà tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Fọláyan kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní orí ọmọ náà pé, ṣùgbọ́n ó mọ ìtàn bí ẹni pé ayé wà níbì kan, ilé rẹ̀ sì wà níbòmíràn. Ó ní kí a mú un padà wá kí ilé-ìwé tó wọlé, òun yóò tún bi í, ìyẹn náà ni ìgbẹ̀yìn. Nígbà tí Catherine ṣàlàyé ògiri méjèèjì fún un, ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pa ìtàn méjèèjì pọ̀.

Kí a tó délé ni mo ti da ẹnu bò ó. Mo ní kí ó nu ògiri kan kúrò. Ó ní òun kò nu nǹkan kan. Mo ní ṣé kò rí i pé orí Bàbá ni ìbéèrè náà já sí. Ó ní òun rí i, ohun tó ń bá òun jà gan-an nìyẹn. Bí òun bá sọ ọ́ fún ọmọ, òun ti sin Bàbá lójú Yèyé. Bí òun kò bá sì sọ ọ́, ọmọ yóò fi ìdí jókòó sílé títí ayé. Omi bọ́ lójú rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó gbé ọmọ sọ sókè lẹ́yìn, ó ń lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀, mo rò pé yóò dá ọgbọ́n kan rán Yèyé níṣẹ́. Kò rán wọn. Yèyé wà ní àyè wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Catherine mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ dúró níbi tí ogun kejì wà lórí ògiri ọ̀tún.

“Ìbílọlá, ọmọ Ìdànrè wà nínú ogun yìí. Bàbá mi ni.”

Ọwọ́ Yèyé dúró nínú igbá. Èmi náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọmọ wo ògiri ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó wọ́ dé abẹ́ “Ọdún tí Bàbá lọ,” ó gbé ojú sókè, ó sì béèrè ibi tí bàbá àgbà wà báyìí.

Yèyé ló dá a lóhùn. “Ó wà ní Bọ́mà,” ni wọ́n wí. “Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀.”

Ẹkún gbọ̀n mí. Gbogbo àdúrà arìnrìn-àjò yẹn, wọ́n mọ̀! Ìbílọlá ní kí n bun òun ní òwú, òun fẹ́ so ìlà méjèèjì pọ̀. Mo ń wo ojú Yèyé. Wọ́n ní kí n fún ọmọ ní òwú. Òwú dúdú ló wà lórí ẹ̀rọ mi, òun náà ni mo já. Catherine kan ìṣó sí ara ògiri níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ó ta òwú láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ó gba orí Yèyé kọjá. Kò nu ohun kankan lára ògiri méjèèjì. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ pálọ̀ wa gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Yèyé lọ bá alàgbà ìjọ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ó yọ Dúrójaiyé kúrò láàrin àwọn arìnrìn-àjò, kí ó fi í sáàrin àwọn olóògbé. Ìgbà tí alàgbà dárúkọ náà ni Yèyé sunkún, wọ́n sì sun ún tẹ́rùn.

A padà sọ́dọ̀ Fọláyan kí wọ́n tó wọlé. Ó bi ọmọ ní ìbéèrè kan náà. Ìbílọlá ní ó kan bàbá ìyá òun, Dúrójaiyé, ọmọ Ìdànrè, ẹni tí ogun náà mú lọ sí Bọ́mà. Fọláyan wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi í pé ti ọjọ́ wo wá ni ogun náà o, ọjọ́ Ajé ni tàbí Ọjọ́bọ̀.

“Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lọ, sà,” ni ọmọ dáhùn. “Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kú sí.”

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí tíṣà tó rẹ́rìn-ín. Fọláyan kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ilé-ìwé, ó sì béèrè ta ni yóò máa gbé e wá. Catherine ní òun ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ọmọ gùn ún lẹ́yìn, a sì gba ilé lọ sọ fún Yèyé.