Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Kì í Rẹ́rìn-ín Lọ́jọ́rú

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n lọ jagun ní Bọ́mà kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́rú. Wọ́n ní Ọjọ́rú kan làwọn àti sójà ẹlẹgbẹ́ àwọn ń fi ìrẹsì tó jóná rẹ́rìn-ín nínú igbó. Ọjọ́ yẹn gan-an lọkọ̀ ogun tó gbé àbúrò wọn rì sókun. Ìyá wọn ń fẹ́ ìrẹsì l'Ọ̀fàdà, ó ń kọrin, kò mọ̀.

Ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi wá bọ́ sí Ọjọ́rú. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní wá sí Mowe nìyẹn."

"Màá wá. Má ṣáà retí ẹ̀rín lọ́wọ́ mi."

Mo gbé ọmọ fún wọn. Ọmọ di irùngbọ̀n wọn mú, ó tọ̀ sí wọn láṣọ. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, má bínú," wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́ yìí, bàbá ẹ lọmọ náà.