Erin Kì Í Fi Ife Mu Omi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọ ilé wọn ní Bantè ni ó ti sọ mí ní Ìyàwó Kẹ̀lẹ̀bẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí mo kọ́ ni láti máa fi ẹ̀rọ awò wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn tó ń húkọ́, kí a lè mọ ẹni tí ikọ́ ife ń bá jà. Ilé ìwòsàn kan ní Savalou ni mo ti ṣe iṣẹ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọkùnrin yìí kò fi ife ilé mi mu omi rí. Bí ó bá ń bọ̀ wá kí wa, ife páànù funfun tirẹ̀ ni yóò gbé dání. Yóò nà án sí mi lójú àlejò, yóò ní, "Ìyàwó Kẹ̀lẹ̀bẹ̀, bu omi sí i. Má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ o." Àwọn ará ilé á rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi, tó ti di olóògbé, náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò tíì dárí ìyẹn jì í.

Ikọ́ ife ni a ń pè é, òun sì gbà pé inú ife ni ó ń gbé. Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi pé afẹ́fẹ́ ni àrùn náà ń bá rìn, pé yàrá tí kò ní fèrèsé ni kí èèyàn bẹ̀rù. Ó bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun ní èdè bàbá òun.

Lẹ́yìn náà ló ra erin. Abo erin àgbà kan ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹranko ṣeré láti ìlú dé ìlú ló ti rà á. Ó kọ́ ilé páànù fún un lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Savalou. Kò fi fèrèsé kankan sí i, kí àwọn tó ń kọjá má baà wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Abúlé Bobè ni àbúrò mi wà tó ń kọ ebè iṣu. Mo rò pé mo ṣe é lóore.

Inú ilé páànù yẹn ló ń sùn. Kí ọdún kejì tó pé, ó ti ń húkọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ pè mí kí n wá fi ojú ara mi rí i. Mo rí wọn: àwọn kòkòrò pupa tín-ín-rín bí ìgé òwú, tí wọ́n fọ́n ká sórí ilẹ̀ búlúù. Wọ́n fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà, mo sì gbéra lọ sí Bantè.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, lórí ìkúnlẹ̀, "erin yẹn náà ń rù. Bóyá òun ló kó o ran àbúrò mi, bóyá àbúrò mi ló kó o ràn án. Bí ẹ kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, tí ara àbúrò mi bá yá tó sì padà sínú ilé yẹn, yóò kú."

"Mo ti ra ife tuntun fún un. Kí ló kù?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ife."

"Ikọ́ ife ni ìwọ fúnra rẹ pè é. Ṣé erin ń fi ife mu omi ni?"

Àwọn àlejò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ẹnì kan ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Mahi fún èyí tí kò gbọ́, gbogbo wọn sì tún un rín.

Mo wá dókítà ẹranko kan rí ní Kùtọ̀nú, ọmọbìnrin kan tó gbọ́n. Nígbà tí mo ní èmi ni n ó san owó rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbà kí ó wá. Dókítà ní òwúrọ̀ mẹ́ta ni a nílò láti gba omi imú erin náà fún àyẹ̀wò, nítorí erin tó ní àrùn náà kì í tú u jáde lójoojúmọ́. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó da omi oníyọ̀ sínú ọwọ́ọ̀jà erin náà. Àbúrò mi, tí mo mú wá láti ibi ìtọ́jú rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, kígbe, "Lève!", ìyẹn ni pé kí ó gbé e sókè, nítorí Faransé nìkan ni erin náà gbọ́. Ó gbé ọwọ́ọ̀jà sókè, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sì fẹ́ omi náà jáde sínú ọ̀rá ńlá. Ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá tó ti kan. Apá kan bà mí lójú. Èyí kò rí mi lára. Ohun tó rí mi lára ni ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó fi áńkáṣíìfù bo imú, tó ń kìlọ̀ fún àbúrò mi pé kí ó má gbàgbé ife rẹ̀ síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Àlejò ń bọ̀ láti Savalou wá bá erin ya fọ́tò.

"Ọjọ́ kan ti tó," ni ó wí. "Ìgbà mélòó lèèyàn ń tutọ́?"

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ìwé àyẹ̀wò dé: "négatif". Ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní ìwé yẹn kò sọ pé àrùn kò sí, pé ohun tó sọ ni pé wọn kò rí i nínú omi òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Ta ló gbọ́? Àbúrò mi lo oògùn rẹ̀ tán, ó sì ń palẹ̀ mọ́.

"Má lọ," ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, láti oṣù mẹ́fà yìí, erin náà kì í jẹun yó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣé kí ebi pa á ni?"

Ó lọ. Erin náà kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí dókítà là á, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kún fún kókó funfun bíi wàrà tó dì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró lókèèrè, ó ní kí a tètè sun ún, kí òórùn má baà lé àlejò sá. Nígbà yẹn, ikọ́ ti padà sára àbúrò mi, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò kú. Ó wà ní Bobè, ẹ̀dọ̀fóró kan ló ń bá a ṣiṣẹ́. Bí ó bá kọ ebè kan, ó gbọ́dọ̀ jókòó kí ó tó kọ èkejì.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, alùpùpù kan já ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi ní Savalou. Ó ti rù, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ. Ó ń húkọ́ sínú áńkáṣíìfù, ó sì ń ká a pọ̀ kí n má baà rí inú rẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mò ń wá ife páànù. Kò gbé e wá. Mo gbé àga fún un síta, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, mo sì fi ife mi bu omi. Ó gbà á, ó mu ún tán láìwo ẹnu rẹ̀. Mo dúró kí ó béèrè àbúrò mi. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ìyàwó, jọ̀wọ́, bá mi wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi. Má jẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́."