Ọwọ́ Mouftaou Lójú Ọ̀nà Parakou

Mouftaou Àlúkò, awakọ̀ èrò ní Tchaourou, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mọ́tò náà kì í ṣe tirẹ̀. Bâchée aláwọ̀ ewé kan ni, ọkọ̀ èrò tí a fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, ti Àlájà Zénabou, opó tó ń ta iṣu, ẹni tó rà á kété lẹ́yìn tí ìjọba ológun tó ń jẹ́ Révolution dé.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Mouftaou kò ju ọ̀kan lọ: ó máa ń yà fún ènìyàn jù. Bí mọ́tò bá ti yọ lẹ́yìn rẹ̀, yóò fà sápá ọ̀tún títí táyà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan erùpẹ̀ pupa, yóò sì na ọwọ́ òsì jáde lójú fèrèsé. Bó bá ń fi ọwọ́ náà pè síwájú, ọ̀nà mọ́, máa kọjá. Bó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn, nǹkan ń bẹ níwájú, dúró. Ní gáréjì, wọ́n sọ ọ́ ní Camarade Ẹ-máa-kọjá, bí ìjọba Révolution ti ń pe gbogbo ènìyàn ní camarade.

Ọ̀nà oko Goro ló ti kọ́ ìwà yìí. Ní kékeré rẹ̀, bí òun àti bàbá rẹ̀ bá pàdé ẹlẹ́rù lójú ọ̀nà tóóró, bàbá á bọ́ sínú koríko, torí pé ọlọ́wọ́ òfo ló ń yà fún ẹlẹ́rù. "Ẹni tó rẹrù kò lè wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀," ni bàbá máa ń wí. "Ìwọ ni kí o bá a wò ó." Nígbà tí Mouftaou di awakọ̀, kò rí ìdí tí ọ̀nà ọlọ́dà fi gbọdọ̀ yí òfin yẹn padà.

Àmọ́ kánjúkánjú ni èrò ọjà. Imorou, ọ̀dọ́ awakọ̀ kan tó máa ń sá eré àsápajúdé, ti ń tètè dé Parakou jù ú lọ. Lọ́jọ́ ọjà kan, àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò Mouftaou, wọ́n gbé agbọ̀n wọn sínú ti Imorou. Àlájà fojú ara rẹ̀ rí i.

"Mouftaou," ó ní, "lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, èmi gan-an ni màá jókòó níwájú. Bí a bá dé Parakou, tí mo ṣì rí i pé ìlọ́ra lásán ni, Imorou ni màá kó kọ́kọ́rọ́ fún."

"Bó bá ṣe wù yín ni, Àlájà."

Ó dáhùn pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Kò ní oko mọ́. Àbúrò rẹ̀ ló ń ro ilẹ̀ bàbá wọn ní Goro, mọ́tò yìí sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀.

Ọjọ́ ọjà pé, wọ́n gbéra. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ru òwú dé ẹ̀yìn wọn, Mouftaou yà fún un, awakọ̀ rẹ̀ sì juwọ́ kí i bó ṣe ń kọjá. Àlájà pòṣé.

"Ṣé gbogbo ayé lo fẹ́ kí tán kí a tó dé ni?"

"Ẹ jẹ́ ó kí wọn, Àlájà," ni obìnrin kan wí láti ẹ̀yìn, "bóyá wọ́n á bá wa ru iṣu!"

Ẹ̀rín ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Imorou dé, tó ń fọn fèrè kíkankíkan. Ó yọrí síta.

"Tonton Mouftaou! Ṣé ẹ ti sùn ni? Ẹ jí o, Révolution ń kọjá lọ!"

Ọwọ́ Mouftaou jáde. Àlájà ń retí pé yóò pè é síwájú, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ ló tẹ́ sẹ́yìn. Àlájà wo iwájú: ọ̀nà dá páropáro títí dé orí òkè kékeré kan.

"Ọ̀nà mọ́ gedegbe! Àbí o ń bínú sí i ni?"

"Rárá o, Àlájà. Ẹ wo òkè àwọn igi yẹn."

Lékeléke funfun ń fò sókè, wọ́n ń bà, wọ́n tún ń fò, lẹ́yìn òkè náà.

"Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe báyìí, màlúù ló máa ń wà nísàlẹ̀ wọn."

Ó wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ odò lásán ni àwọn ẹyẹ náà wà ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ lọ nìyẹn. Síbẹ̀ kò ká ọwọ́ kò. Imorou fọn fèrè títí ó fi sú u, àmọ́ kò yọ jáde.

Wọ́n dé orí òkè. Nísàlẹ̀, agbo màlúù bo ọ̀dà láti etí dé etí, àwọn ọmọ màlúù mìíràn tilẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Bàbá Fúlàní kan gbé ọ̀pá dábùú èjìká, kò kánjú rárá. Mọ́tò méjèèjì dúró lẹ́yìn ara wọn.

Imorou sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àlájà náà sọ̀ kalẹ̀.

"Imorou, ìwọ tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kí ló dá ọ dúró?"

"Tata Àlájà, ọwọ́ Tonton Mouftaou ni." Ó ń wo ilẹ̀. "A lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréjì. Lójú ọ̀nà, ta ló jẹ́ kọ ọwọ́ wọn?"

Màlúù tán lójú ọ̀nà. Nígbà náà ni Àlájà kọjú sí àwọn obìnrin ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ọwọ́ tí Imorou pàápàá ń gbọ́ràn sí, òun ni ẹ fẹ́ kí n gba kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú rẹ̀?"

"Àlájà, àwa kò sọ nǹkan kan o!"

"Agbọ̀n yín ló sọ ọ́ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá."

Mouftaou fà sápá ọ̀tún, ó na ọwọ́ jáde, ó pe Imorou síwájú. Imorou rọra kọjá, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì juwọ́ dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, Adjara, àbíkẹ́yìn Àlájà, yóò lọ sílé ọkọ ní Alafiarou. Mouftaou ni yóò gbé ìyàwó, òun ni yóò sì ṣáájú. Imorou ni yóò tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn ẹbí, Àlájà sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ré kọjá, àfi bí ọwọ́ bá pè é.